Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀dẹ̀ Tó Ń Lọ Ọdún Ọ̀ṣun

Bó o bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, ṣí ojú ìwé mìíràn, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí. Ọ̀dẹ̀ ni mo jókòó tì lónìí. Má rò pé mò ń bú ọ. Èmi fúnra mi kọ́ iṣẹ́ yìí, ọdún mẹ́ta gbáko láàárín Ara, ìlú mi, sí Òṣogbo, mo sì ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n náà ni mo fẹ́ fi lé ọ lọ́wọ́.

Oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo máa ń bọ́ sí. Àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń pe àsìkò yẹn ní sọ́mà.  Lọ́dọ̀ tiwa, òjò là ń pè é. Nítorí náà, léèsì funfun ni kó o wọ̀, kó o wá fi bàtà funfun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tì í lẹ́sẹ̀. Lóòótọ́, àwọn olórìṣà náà ń wọ funfun, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń ká a sókè bí wọ́n bá dé ibi ẹrọ̀fọ̀. Ìwọ má ká tìrẹ. Jẹ́ kó máa wọ́lẹ̀. Agbòjò ńkọ́? Fi í sílé. Bí òjò bá pa ọ́ tán, léèsì á lẹ̀ mọ́ ọ lára, gbogbo ayé á wá rí i pé síńgílẹ́ẹ̀tì tó o wọ̀ sábẹ́ ti ya lẹ́yìn.

Ó wá ku ọ̀rẹ́. Má dá lọ. Wá èèyàn mẹ́ta, kó o sì rí i dájú pé ọ̀kan nínú wọn ni Mo-mọ-ọ̀nà. Kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní irú wọn. Tiwa ti dé Òṣogbo lẹ́ẹ̀kan péré, aláìsàn ló lọ kí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò sí àdúgbò tí kò mọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ẹ fàdéhùn sí aago mẹ́fà àárọ̀, kó o wá jí ní aago mẹ́fà. Kí ẹni kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá áyọ́ọ̀nù kiri, kí ẹni kẹta ní òun ò lè fi ebi rìnrìn àjò. Ìgbà tí ẹ ó fi gúnlẹ̀ sí Ẹdẹ, oòrùn ti kànrí, ẹ ò sì gbọdọ̀ ré Ẹdẹ kọjá láì jẹ àmàlà. Ẹ jẹ ẹ́ yó dáadáa. Ìgbádùn wo ló tún wà tó ju kí èèyàn mẹ́rin há ara wọn sẹ́yìn kọ́rópe, níbi tó yẹ kí ẹni mẹ́ta jókòó sí, pẹ̀lú àmàlà gbígbóná nínú?

Bó o bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣogbo, máa wí fún gbogbo ẹni tó bá kí ọ pé mọ̀lẹ́bí Davido ni ọ́. Lóòótọ́, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọrẹ ni Ara wà, Ẹdẹ sì ni ilé àwọn Adélékè, ìdílé Davido, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi okùn wọ̀n ọ́n? Bí wọ́n bá ní kó o fi ijó hàn wọ́n bí Gómìnà Adélékè ṣe máa ń jó, sọ pé orúnkún ń dùn ọ́.

Ọdún náà tó ọ̀sẹ̀ méjì o, kì í ṣe ọjọ́ kan. Ìwọ́pópó ló ń ṣáájú, tí wọ́n fi ń wẹ ojú ọ̀nà mọ́. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni alẹ́ iná olójúmẹ́rìndínlógún, tí Àtáọ́ja ọba Òṣogbo, àwọn olorì, àwọn awo àti olórìṣà máa ń jó yí ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìboríadé náà ń bẹ níbẹ̀, tí wọ́n ń kó adé àwọn ọba tó ti wàjà jọ láti ṣe ètùtù sí i. Ní tèmi, bí èèyàn bá fẹ́ gbọ́ ìlù dé eegun, alẹ́ iná yẹn ni kó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀ tó mọṣẹ́ rẹ̀ kì í débẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn lòun ń lọ, ọjọ́ tí gbogbo ayé ń lọ, kó lè ráyè sọ pé èrò ti pọ̀ jù.

Ẹ jọ dé, ẹ má jọ dúró. Kí ẹ tó pínyà, ẹ sọ pé, "Iwájú ààfin la ó ti pàdé." Kò sí ẹni tó wà ní Òṣogbo lọ́jọ́ náà tí kò bá ẹnì kan ṣe irú àdéhùn yẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á sì kú. Ní aago méjìlá ọ̀sán, ọ̀rẹ́ mi kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé, "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kan tó dé fìlà pupa." Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló wọlé sórí fóònù mi. Mo wá bàbá náà títí. Mo rí mẹ́tàdínlógún.

Bí Arugbá bá yọ láàfin, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wúńdíá láti ilé ọba ni, igbá ẹbọ gbogbo ìlú ló rù lọ sódò. Kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ́nà, àdúrà gbogbo èèyàn sì ni pé kó má kọsẹ̀. Àwọn tó nígbàgbọ́ á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á máa rọ́jọ́ àdúrà sí i. Ìwọ, bẹ́ síwájú rẹ̀. Kọ ẹ̀yìn sí i, na fóònù sókè, kó o ṣẹ́nu ṣùnṣùn. Àwọn géńdé tó mú àtòrì lọ́wọ́ ni wọ́n ń la ọ̀nà, àtòrì kì í sì í béèrè ìlú ẹni. Mo-mọ-ọ̀nà jẹ méjì ní ìdí, ó jẹ ọ̀kan ní itan. Fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi dòní. Arugbá ò hàn níbẹ̀ rárá. Ojú ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kún un, ẹnu là sílẹ̀ gbàgà, o ò ní mọ̀ bóyá orin ló ń kọ.

Nínú igbó Ọ̀ṣun, wàá rí ère lọ́tùn-ún lósì. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Susanne Wenger, ọmọ Austria tí gbogbo wa mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ló kó àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ́ra tí wọ́n jọ mọ púpọ̀ nínú wọn. Ọdún 1950 ló dé Nàìjíríà. Ẹdẹ tiwa níbí, lọ́dọ̀ àwòrò Ajagẹmọ, ló ti wọ inú ẹ̀sìn Ọbàtálá, kó tó lọ fi Òṣogbo ṣelé títí ọlọ́jọ́ fi dé ní 2009. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi ṣiṣẹ́, kí ìwọ lè rí nǹkan gùn ya fọ́tò. Gùn ún.

Etí odò, ibẹ̀ dákẹ́ ní apá ibi tí àwọn tó ń tọrọ ọmọ kúnlẹ̀ sí. Má bá wọn dákẹ́. Ti kẹ́ẹ̀gì bọ inú odò láàárín wọn. Omi náà pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, torí àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti da odò rú láti òkè. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má mu ún. Ṣé ìjọba ló ni inú rẹ? Gbé e mu kẹ̀! Bó bá dalẹ́, òun àti àmàlà Ẹdẹ á bára wọn sọ̀rọ̀, ilé ìyàgbẹ́ á sì jìnnà.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìlù sẹ́yìn ni, torí ibẹ̀ ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí.

Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń to sípíkà tó ga ju èèyàn lọ sójú títì. Ibẹ̀ ni ọ̀dẹ̀ ń kọ́kọ́ dúró sí, títí tí etí rẹ̀ á fi máa hó. Lẹ́yìn náà ló ń wá onílù lọ, nígbà tí kò lè gbọ́ nǹkan dáadáa mọ́. Àwa tá a wá láti ìhà Ẹdẹ ò sì ní àwáwí lórí ọ̀rọ̀ ìlù. Tìmì Ẹdẹ, Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí oyè láti 1946 títí di 1975, ọba tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lùlù ni, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ọmọ irú agbègbè bẹ́ẹ̀ ni mí, mi ò sì mọ̀ ju pé ìlù ń dún lọ.

Ìyáàlù kì í pe ọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń pè. Ọdẹ: re re. Ọ̀dẹ̀: dò dò. Kí onílù dẹ apá lára ọsán díẹ̀ báyìí, ọdẹ ti di ọ̀dẹ̀. Nínú ìtàn ìdásílẹ̀ Òṣogbo, ọdẹ ni Olútìmẹ́yìn tó bá Ọba Láròóyè débẹ̀, tí igi tí wọ́n gé wó sódò, tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun. Ọdẹ ló kọ́kọ́ dé etí odò yẹn. Àwọn tó ń rọ́ lọ síbẹ̀ láyé òde òní, àmì ohùn tiwọn yàtọ̀.

Onílù tí mo bá pàdé ti dàgbà díẹ̀, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ṣaworo. Ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo fi gbogbo ẹnu dáhùn pé, "Ọmọ ọdẹ!" Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọdẹ ni bàbá mi ní Ara. Onílù náà wò mí látòkè délẹ̀: léèsì tó lẹ̀ mọ́ra, bàtà tó ti di pupa, kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ òsì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ. Ìyáàlù fọhùn. Mo bẹ́ sí ijó. Mo fa igba náírà yọ, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Ó tún un pè, mo tún òmíràn lẹ̀. Èyí tó jábọ́, mo jó lé e lórí. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló kéré jù fún ẹni tó bá ń náwó mọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀ tàbí tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àbí kó san 50,000 náírà, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀. Ìwọ náà tẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyá tó dúró tì wá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo gbà pé ijó mi ló dùn mọ́ wọn. Owó mọ́tò ìpadàbọ̀ ni mo fi kádìí ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ká gbogbo ẹ̀ sínú fídíò. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ bá bàbá mi ní gbàgede. Wọn ò wo àwòrán rárá, etí ni wọ́n gbé fóònù sí. Wọ́n ní kí n tún un fi. Mo tún un fi. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rín títí fìlà fi jábọ́ lórí wọn.

"Àjàní, kì í ṣe ọdẹ lonílù yìí ń pè o! Ọ̀dẹ̀ ni! Ọmọ ọ̀dẹ̀, ọmọ ọ̀dẹ̀! Ìwọ sì ń fún un lówó—"

Ẹ̀rín gé mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n yọ fóònù kúrò létí, wọ́n tẹjú mọ́ mi.

"Dúró ná. Ó ní ọmọ ta ni?"