Ìjàpá Kò Mọ Kọ̀ǹpútà

Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò sítáàtì, kọ̀ǹpútà là ń bi léèrè. Mẹkáníìkì á ki wáyà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, á ka nọ́ńbà tó bá jáde, á sì gba owó ìwé kíkà. Owó àtúnṣe ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn o.

Ẹ wá wo Ọ̀jọ́ ní Èkó. Ìjàpá ni Bàbá Ìba, àbúrò bàbá mi, ń wà: Volkswagen tí wọ́n tò pọ̀ nílé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975 lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ìjàpá kò jáde níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ibùdókọ̀ ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ Volks. Ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ yìí fẹ́ràn láti máa kú sí. Bàbá Ìba ní ìyá rẹ̀ ló ń rántí.

Lọ́jọ́ kan tí mo wálé, kó tó kú tán, àwọn amòye ti pé. Oníkẹ̀kẹ́ ní epo ni. Ìyá oníbúrẹ́dì ní bátìrì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ LASU kan ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ló sì ń kọ́.

Rẹ́wáyà tó wá láti Okokomaiko kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó yọ wáyà tó ti ara kọ́ìlì wọ àárín disitiribútọ̀, ó gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ irin, ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa rádaràda ló ta, búlúù ló sì yẹ kó jẹ́. Ó ní, "Kọ́rẹ́ǹtì wà, kò lágbára ni." Ó ṣí disitiribútọ̀. Ẹnu kọntáàtì, tó jẹ́ pé bó bá ṣe ń là ni kọ́ìlì ń ta iná sí púlọ́ọ̀gì, ti jó dúdú. Kọndẹ́ńsà tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ jíjó ti kú. Ó fi sanpépà ha kọntáàtì náà. Ìwé ní kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.4 mm, etí páálí ìṣáná ni rẹ́wáyà fi wọ̀n ọ́n.

Ó ku kọndẹ́ńsà. A gba ASPAMDA, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, lọ ní Trade Fair. Ọlọ́jà ní, "Tuntun àbí Bẹ́líjíọ̀mù?" Bẹ́líjíọ̀mù ni ohun tí àwa ará òkè òkun bá ti lò sú, ìbáà jẹ́ Jámánì ló ti wá. Tuntun tó mú jáde fúyẹ́ débi pé Bàbá Ìba bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́líjíọ̀mù la rà, ọkọ̀ sì sítáàtì.

Bá a ṣe ń lọ ni mo sọ fún Bàbá Ìba pé ní ìlú òyìnbó, Ìjàpá tó bá ti lé ní 40 ọdún ti di ọlọ́lá. Ìjọba kì í gba owó-orí rẹ̀ mọ́, àyẹ̀wò MOT ọdọọdún kò sì pọn dandan fún un. Àwọn bàbá òyìnbó á máa nù ún lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á sì máa ra kọndẹ́ńsà tuntun fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nílé ńbí, ìwé ọkọ̀ kì í bọ̀wọ̀ fún ewú.

Bàbá Ìba dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n mú bírò. Kọntáàtì, kọndẹ́ńsà, rótọ̀, kí n fi ránṣẹ́ bí mo bá padà.

"Tuntun o, ọmọ mi. Kí wọ́n má lọ kó Bẹ́líjíọ̀mù fún ẹ."