Kọ́nfínà

Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ pe ìlú jọ gbọ́dọ̀ ní nǹkan kan lórí tàbí lọ́rùn: adé, ìlẹ̀kẹ̀ ìjòyè, ó kéré tán gèlè ìyálọ́jà. Lóde òní, fóònù tó ní dátà ti tó. Ọmọkùnrin kan á jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á ṣe fláyà, á lẹ fótò ara rẹ̀ mọ́ igun ọ̀tún, á kọ "Convener" sábẹ́ rẹ̀, ó parí. Ìpàdé ti wà. Ìlú ni kò tíì gbọ́.

Mo ti bá Kọ́nfínà pàdé nínú oríṣiríṣi aṣọ. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń ṣe àpérò àwọn ọ̀dọ́, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń ṣe ọ̀sẹ̀ oge. Èyí tí mo fẹ́ sọ wọ ẹ̀wù dúdú tí wọ́n lẹ ìkùukùu pupa mọ́ lára, irú èyí tí ẹgbẹ́ Akatsuki máa ń wọ̀ nínú Naruto, ó sì pe gbogbo olólùfẹ́ anime, àwọn eré àwòrán ilẹ̀ Jàpáànù wọ̀nyẹn, jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Ṣakí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan nínú ọyẹ́. Fláyà rẹ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn ń bọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn. Ṣakí wá díẹ̀. Ìsẹ́yìn rán ọmọ méjì, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú eruku ní ìpéǹpéjú. Ìgbòho, Kíṣí, Ìgbẹ́tì, Òkè-Ihò àti àwọn yòókù wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Aago mẹ́wàá ni fláyà pè. Kọ́nfínà fúnra rẹ̀ dé lẹ́yìn aago méjìlá, nítorí télọ̀ kò tètè yọ ẹ̀wù. Àwọn tó bá níbẹ̀ kò tó ogún: akẹ́kọ̀ọ́ pólì díẹ̀, ọmọbìnrin kan tó fi irun àlùkò dídì bo orí, ọmọkùnrin kan tó so idà mẹ́ta mọ́ ìbàdí nítorí Zoro inú One Piece. Pákó ni wọ́n fi ṣe idà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní Ṣakí tí wọ́n ń fi Ògún kì. Kọ́nfínà ní kí àwọn ọmọ pólì máa pe òun ní senpai, bí àwọn Jàpáànù ṣe ń pe aṣáájú wọn. Wọ́n pè é ní bọ̀ọ̀dá, ó sì dáhùn.

Ìyá àgbà kan tó ń ti ọjà bọ̀ rí ẹ̀wù yẹn lẹ́nu ọ̀nà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó sọ igbá kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ kú ọdún o. Eégún ilé ta nìyí?" Ojú Kọ́nfínà le bíi ti ẹni tí wọ́n pè lólè. "Màmá, kì í ṣe eégún o. Cosplay ni." Ìyá náà ronú díẹ̀. "Ó dáa, ọkọ mi. Kọ́sípilé ilé ta ni?"

Kọ́nfínà kò rí èsì fún un. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, n kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó ju èyí lọ nípa gbogbo ọjọ́ náà.

Kọ́nfínà a máa sọ pé òun ni òun mú anime wọ Òkè-Ògùn. Ó yẹ kó kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀. Superbook tí wọ́n ń wò lórí NTA nígbà tí iná bá wà, èyí tí ọmọ méjì àti rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan máa ń já bọ́ sínú Bíbélì, ilé iṣẹ́ Tatsunoko ní Jàpáànù ló ṣe é, ní 1981. Voltron tí kìnnìún irin márùn-ún máa ń so pọ̀ di òmìrán kan, àwòrán Jàpáànù ni. Ìyá rẹ̀ ti wo anime kó tó lóyún rẹ̀. Kò kàn ya fláyà lé e lórí ni.

Àwọn wọ̀nyí kò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni àwáwí rẹ̀. Ẹyọ kan ni, kò sì níí pààrọ̀ rẹ̀ láéláé: "Ojú ìlú yìí ò tíì là." Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ ọ́ fún àlejò pàtàkì tí kò wá, lórí fóònù. Ó gba máìkì, ó tún sọ ọ́ sí etí àwọn tó wá, àwọn tí ojú tiwọn ti là tó láti rí gbọ̀ngàn náà, kí wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà wọlé, kí wọ́n sì jókòó fún wákàtí méjì de ẹni tó pè wọ́n. Ó ní ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń ṣe Lagos Comic Con láti 2012, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọyì nǹkan. Ó ní àwọn Jàpáànù gan-an, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Comiket, ọjà ìwé àwòrán wọn, ní Tokyo ní December 1975, èèyàn bíi 700 péré ló wá, ṣùgbọ́n lónìí ọ̀kẹ́ àìmọye ni.

Òótọ́ ni. Ohun tó fò ni pé ẹgbẹ́ 32 ló kó ìwé tí wọ́n yà fúnra wọn wá síbẹ̀ wá tà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó wá rí nǹkan wò, ó rí nǹkan rà, ó mú un lọ sílé. Ní Ṣakí, wàrà nìkan la rí rà, lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó gbé igbá rẹ̀ sábẹ́ igi mọ́ńgòrò níta. Òun nìkan ló pawó lọ́jọ́ náà, kò sì ya fláyà.

Ní ti ojú tí kò là: lẹ́yìn gbọ̀ngàn yẹn, èèyàn kún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì ń sanwó. Ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ọmọ kan wà tó ń fi fíìmù sínú mẹ́mórì káàdì fún gbogbo ìlú. Ó mọ ẹni tó ń wo Demon Slayer, ó mọ ẹni tó dé ibi tó le nínú Attack on Titan tó sì ń gbàwìn ìyókù, ó mọ ọmọ alágbẹ̀dẹ tó ń wo Death Note lóru kí bàbá rẹ̀ má baà rí i. Ká ní ó lẹ ìwé kan mọ́ ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni, gbọ̀ngàn ì bá kún. Mo bi í bóyá ó gbọ́ nípa ìpàdé náà. "Ìpàdé wo, ẹ̀gbọ́n?" Kọ́nfínà kò sọ fún un. Orí Instagram ló ti pariwo, fún àwọn ará Lekki, tí wọn kò mọ ọ̀nà Ṣakí, tí wọn kò sì ní ìdí kankan láti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo dárúkọ ọmọ mẹ́mórì káàdì fún un, ó fi ọwọ́ gbá a dànù. Ó ní irú àwọn yẹn kọ́ ni òun ń wá.

Nígbà tó di bí aago mẹ́ta, iṣẹ́ tó bá wá gan-an bẹ̀rẹ̀. Fláyà ti ṣèlérí ìdíje ìbéèrè, ìdíje aṣọ, àti ìjíròrò lórí ọjọ́ iwájú. A kò rí ọ̀kankan. Onífótò la rí. Òun nìkan ni wọ́n ti sanwó rẹ̀ pé kó tó dé.

Kọ́nfínà kọ́kọ́ kọjú ìjà sí àga. Igba àga ló yá, àga ni gbogbo ayé yóò sì rí bí kò bá tètè ṣe nǹkan. Ó bọ́ ẹ̀wù Akatsuki lé èjìká, ó kó ìlà tó wà lẹ́yìn kúrò, ó kó ti àárín, òun àti bàbá tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n tò ó gègèrè sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó wa sí ìlà mẹ́ta iwájú. Ó gbé báàgì sórí àga tó ṣófo láàárín wa, ó da ankara bo báàgì kan kó lè jọ èèyàn tó tẹríba. Ó wò ó. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó jáde lọ sí ìsọ̀ aránṣọ, ó kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà wá, tí téèpù ìwọnsọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Ó pe àwọn ọmọdé tó ti ń yọjú lójú fèrèsé láti àárọ̀, àwọn tó ti lé lẹ́ẹ̀mejì pé wọn kò ní tíkẹ́ẹ̀tì. "Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ẹ má sọ̀rọ̀." Onífótò dùbúlẹ̀, ó ń yà wá láti ìsàlẹ̀. "Ẹ nawọ́ sókè!" Ẹni ogún ní ogójì ọwọ́, Kọ́nfínà ti ṣe ìṣirò yẹn tipẹ́.

Wọ́n yà wá látọ̀tún. Wọ́n kó wa dé òsì, onírun àlùkò gbé irun rẹ̀ fún ọmọ aránṣọ kan, wọ́n tún yà wá. Wọ́n yà wá bí òǹwòran, wọ́n yà wá bí aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn méjèèjì sì jókòó sórí pèpéle, wọ́n di onímọ̀ tó ń jíròrò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n ní ohun kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí fìlà." Mo ṣí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dé e padà, ẹ bọ́ sẹ́yìn." Mo dé e. Mo di ẹni méjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Iṣẹ́ yìí gba wákàtí kan ààbọ̀, n kò sì rí i kí Kọ́nfínà ṣe nǹkan mìíràn pẹ̀lú irú ìtara bẹ́ẹ̀. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́. Bó bá ti lo ìdajì agbára yẹn láti pe èèyàn ni, kò ní fi wá ṣe ayédèrú èèyàn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn yẹn gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan dání, irú tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Bírò dúdú ló fi yà á. Ahunṣọ kan ló wà nínú ìtàn náà, ó jókòó sídìí òfì, ọ̀kọ̀ tí ń gbé òwú kọjá á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, á máa fò kiri Òkè Ẹbẹdí lọ bá àwọn olè jà. Ó fa ìlà àpótí kọ̀ọ̀kan gún, ó kọ "fìrììì" sí ibi tí ọ̀kọ̀ náà ti ń fò. Àwọn okùn òfì inú àwòrán náà pé. Ẹni tí kò bá dàgbà nídìí ẹ̀ kò lè yà á bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ Kọ́nfínà ti dárúkọ Iyanu, eré tí wọ́n gbé jáde látinú ìwé àwòrán Roye Okupe, tó dé orí Cartoon Network ní 2025, bí ẹni pé òun ló ra bírò fún un. Wàyí o, ìwé àwòrán dé iwájú rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé méjì.

"Fọ́lówà mélòó lo ní?"

Ọmọ náà ní òun kò ní. Kọ́nfínà dá ìwé padà fún un, ó ní kó gbé e sísàlẹ̀, ó ń ṣíji bo fótò.

Ibí yìí ni sùúrù mi ti tán. Ọmọ yẹn nìkan ló gbé nǹkan wá sí ìpàdé náà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì nílò, kó ṣáà ti ṣófo. Ìwà ìkà ni, mi ò rí orúkọ míì fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, bàbá tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn wá béèrè owó tó kù.

"Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Mo máa fi í ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín."

"Mi ò ní àkáǹtì, ọmọ mi. Ọwọ́ ni mo ní."

Kọ́nfínà rẹ́rìn-ín, ó yọ káàdì kan tí wọ́n kọ "Partner" sí, ó fi kọ́ bàbá lọ́rùn, ó gun ọ̀kadà lọ. Bàbá sì dá igba àga tò padà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni fótò jáde. Gbọ̀ngàn kún. Ọwọ́ bo ojú ọ̀run. Kọ́nfínà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́ ló tú jáde, pé Òkè-Ògùn ti jí. Àwọn ará Lekki kí i kú oríire. Ẹ̀dà kejì ń bọ̀, Ìbàdàn ni yóò sì ti wáyé, ó ní nítorí ojú ìlú yìí ò tíì là. Ó ti fi fláyà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni Bàbá Ọjọ́. Fótò mi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni èyí tí mo ti ṣí fìlà, nọ́ńbà àkáǹtì tí mo máa sanwó sí sì wà lábẹ́ rẹ̀.