Ọ̀dà Díẹ̀ Ló Kù

Ẹni tó bá ń wá àlòkù ọkọ̀ onígbòkun ní England kò ní pẹ́ kan Westerly Centaur. Láàárín 1969 sí 1980 ni wọ́n kàn án, ó sì lé ní 2,000. Ẹsẹ̀ méjì ló ní nísàlẹ̀, ó lè dá dúró lórí ilẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹni tó ni ín ráyè gbàgbé rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ ṣílẹ̀kùn: òórùn dísù ló máa kọ́kọ́ kí yín. Ìgbòkun ti bu bíi búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aláǹtakùn ti di onílé. Ẹni tó tà á ní ọ̀dà díẹ̀ ló kù. Òótọ́ ni o! Kò kàn sọ pé ọ̀dà ló so ó pọ̀ ni. Kẹ́ ẹ tó gbé e sómi, ẹ yí gbogbo ẹ̀rọ tó ń dí ihò ìsàlẹ̀ wò. Èyí tí kò bá yí mọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Rọ́bà kékeré tó ń fa omi tútù sínú ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ ra tuntun. Ẹ́ńjìnnì ló wọ́n.