Ẹ̀rọ Ògógóró Tí Mo Fúnra Mi Tò

Mo wo dírọ́ọ̀mù ńlá tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ń se ògógóró ní Òkìtìpupa, mo ní èmi á ṣe kékeré tó lajú. Tèmi á ṣeé tú, á ṣeé tò: ìkòkò lọ́tọ̀, ọ̀pá tí ooru ń gbà gòkè lọ́tọ̀, páìpù inú omi tútù lọ́tọ̀. Èyí tó bá bàjẹ́, ká yọ ọ́, ká fi òmíràn sí i.

Lórí ìwé, kò sí wàhálà níbẹ̀. Nǹkan bí ìwọ̀n 78 ni ọtí líle ti ń hó, omi ń dúró di 100. Bí iná bá rọra ń jó, ọtí inú ooru tó ń gòkè á pọ̀ ju ti ohun tó wà nínú ìkòkò lọ. Omi tútù á sọ ooru náà di olómi padà, á sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò.

Ọjà ni ìwé ò mọ̀. Gbogbo oríkèé tí mo rà ni wọ́n pè ní "haafu íǹṣì", haafu íǹṣì ẹnì kan ò sì wọ ti ẹnì kejì. Oníṣòwò kan búra fún mi pé páìpù kọ́pà gidi lòun ń tà. Mo gbé máńgínẹ́ẹ̀tì kan páìpù náà, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Irin ni, wọ́n kàn kùn ún! Inú ṣì ń bí mi títí di ìsinsìnyí. Ohun tí èèyàn máa mu ni o! Ẹlòmíràn ní kí n fi òjé jó oríkèé pọ̀, bí ẹni pé òjé kì í ṣe májèlé. Níkẹyìn, ìyẹ̀fun tí mo pò ni mo fi lẹ gbogbo rẹ̀.

Ó di ọ̀sán Sunday. Mo pe Bàbá Òkìtìpupa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi yẹn, mo pe bàbá onílé, mo tún fi àna mi kún un. Mo da ẹmu ògùrọ̀ tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà sínú ìkòkò, mo kún un dé ẹnu, mo sì ṣí gáàsì dópin.

Bàbá Òkìtìpupa ní, "Ṣé bí o ṣe máa kún un nìyẹn?"

"Ẹ fara balẹ̀ ẹ máa wò mí, Bàbá."

Ni ìkòkò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Mo gbé gíláàsì sẹ́nu páìpù, mo kígbe pé, "Ó ti ń bọ̀ o!" Ohun funfun kan yọ, ó gbóná, ó nípọn bí ẹ̀kọ mímu, òkú oyin kan sì wà lórí rẹ̀.

Àna mi béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ṣé ògógóró tuntun máa ń funfun ni?"

Mo ń wá irọ́ tí màá pa lọ́wọ́ nígbà tí ìdọ̀tí ẹmu dí páìpù. Ìyẹ̀fun já, gbàà! Ọ̀pá fò sọ́tùn-ún, ìfófòó gbígbóná fò sósì, ó bà lé agbádá funfun tí bàbá onílé ò tíì bọ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Iná kú fin-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí mo ti wá mọ̀ ọ́n dáadáa báyìí. Ẹmu àárọ̀ ṣì ń ru lọ́wọ́. Bí iná bá kàn án, ìfófòó ló máa sọ gbogbo ara rẹ̀ dà. Ńṣe là ń fi í sílẹ̀ kó kan, kí ìfófòó rẹ̀ rọlẹ̀, kí ó má sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìkòkò lọ. Ẹmu tí kò lágbára yẹn ló pa iná. Ká ní ooru ọtí líle gan-an ló tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì, irùngbọ̀n wa ì bá ti jó.

Bàbá Òkìtìpupa rẹ́rìn-ín títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀. "Láyé òyìnbó, ọlọ́pàá ló ń lé àwọn tó ń sè é nínú igbó. Ìwọ, ta ló lé ọ tí o fi ń sáré?" Òótọ́ ni, mo ti wà lẹ́yìn kànga.

Nígbà tí ẹmu kan tán, òun fúnra rẹ̀ ló sè é. Iná kékeré. Èyí tó kọ́kọ́ kán sílẹ̀, tó ń run bíi kẹ́míkà, ó dà á nù láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá tú páìpù inú omi tútù mi kúrò, ó wé e sínú aṣọ, ó gbé e lọ sílé. Ó ti pè mí lórí fóònù: ó ní ó wọ dírọ́ọ̀mù òun géérégé, kí n ṣe ẹyọ kan sí i, ṣùgbọ́n kí n má wulẹ̀ ṣèyọnu ìkòkò.