Ta Ló Ń San Owó Ìtọ́wò?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti àbúrò ìyàwó mi. Kalifọ́níà ni ọmọ náà ń gbé, ó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, kì í jalè, kì í lu jìbìtì. Gbogbo ohun tó fi ṣe mí kò ju pé ó lọ lo ìsinmi rẹ̀ ní àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Napa, ó sì ti ibẹ̀ mú òwò kan bọ̀ tó jẹ́ pé owó tèmi ló fẹ́ fi ṣe é. Láti ìgbà náà ni fóònù mi ò ti sinmi. Bí mo bá ń ka páálí súgà, á dún. Bí mo bá ń bá oníbàárà fa owó, á dún. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbọ́ ohùn tí mo fi ránṣẹ́?" Mo ti gbọ́ ọ. Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa pátá ti gbọ́ ọ.

Napa yìí, oko àjàrà ló wà lọ́tùn-ún, oko àjàrà ló wà lósì, ilé ìfúntí bíi ti inú Bíbélì ló wà láàárín. Mi ò sọ pé wáìnì wọn ò dára. Ní 1976, wọ́n gbé e lọ bá ti Faransé díje ní Paris, àwọn Faransé fúnra wọn ló ṣe adájọ́, wọ́n bo ara ìgò, àwọn adájọ́ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, wọ́n sì fi ti Kalifọ́níà ṣe ìkíní. Ẹni tó bá na onílé nílé rẹ̀ báyẹn, kò sí ohun tí kò lè tà fún aráyé mọ́. Bóyá ìyẹn ló fún wọn láyà tí wọ́n fi dá irú òwò tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

Wọ́n á kó yín jọ láàárọ̀, wọ́n á dé akoto fún yín, wọ́n á fún oníkálukú ní kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní bátìrì àti mọ́tò kékeré lára. Bí o bá ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mọ́tò náà á máa ràn ọ́ lọ́wọ́. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí eré rẹ bá ti tó máìlì ogún ní wákàtí kan, mọ́tò á jáwọ́, á wá ku ìwọ àti itan rẹ. Afinimọ̀nà kan á ṣíwájú, ẹ̀yin á tò tẹ̀lé e láti oko kan dé òmíràn. Ní oko kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á da wáìnì díẹ̀ sí ìdí ife fún yín, ìwọ̀nba tí kò ní ṣe eṣinṣin ní nǹkan kan. Ẹ ò sì gbọdọ̀ mu ún ná o. Ẹ ó kọ́kọ́ yí ife po, ẹ ó ki imú bọ̀ ọ́, ẹnì kan á ní òun gbọ́ òórùn tábà, ẹnì kejì á ní awọ lòun gbọ́ ní tòun. Awọ! Nílé tiwa, ohun mímu tó bá ń rùn bí awọ, ẹ̀yìnkùlé là ń dà á sí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n á tó tọ́ ọ wò, àwọn mìíràn á sì tu ú sínú korobá. Wọ́n tu ú nù! Ohun tí wọ́n fowó rà. Ìtọ́wò yẹn nìkan, yàtọ̀ sí owó kẹ̀kẹ́, ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀ ó tó àádọ́ta dọ́là, ibòmíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n ń tu ú. Ó ní kí ọtí má baà pa wọ́n kí wọ́n ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ni. Mo ní ṣé kò wá ní sàn kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n jókòó mu ún? Ó ní mi ò mọ adùn ayé.

Bóyá ni mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, ó sọ̀ ní Kánò, ó sì fi kẹ̀kẹ́ Raleigh ná gbogbo ọjà oko tó yí ìlú yìí ká, aṣọ lẹ́yìn, abẹ́rẹ́ àti òwú níwájú. Ọjọ́ tí ó lówó mọ́tò, ó fi kẹ̀kẹ́ náà ta ẹnì kan lọ́rẹ, kò tilẹ̀ dúró gba ọpẹ́. Ìdílé tó ti bọ́ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ láti ìgbà náà ni ọmọ yìí fẹ́ dá padà sórí rẹ̀, ó tún ní kí wọ́n sanwó sí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ló dùn mí jù. Owó ìtọ́wò ni. Ẹni tí kò bá dé ọjà Singer tiwa ní Kánò rí lè má mọ ìdí rẹ̀. Ibí ni tírélà láti Èkó ń já ẹrù sí: súgà, fúláwà, mílíìkì, ìńdómìì, òróró, ọṣẹ. Ibí ni wọ́n ti ń kó o lọ sí Kàtsínà àti Jígáwá, kó tún tó kọjá ibodè lọ sí Màràdí àti Dàmágàrám ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹrù tí à ń pè ní *mai kura* á máa ti àpò lọ, wọ́n á máa ké pé kí o yà lọ́nà, bí o kò bá sì yà, gìgísẹ̀ rẹ á ròyìn. Nínú ọjà yìí, ẹni tó ń tà ló ń jẹ gbèsè ìtọ́wò. Alhaji kan á ti Màràdí dé, á já páálí bísíkíìtì, á jẹ méjì, á fún ọmọ tó tẹ̀ lé e ní ẹyọ kan, á wo òkè bí ẹni ń gbàdúrà, á wá ní ti ọdún tó kọjá dùn ju eléyìí lọ. Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá tilẹ̀ wá rà á, á ní kí n fi *gyara* lé e, ẹ̀ní bíi ti ọjà ilé. Kò sí ọjọ́ kan tí mo nawọ́ sí i pé kó san owó èyí tó fi tọ́nu wò. Bí mo bá dán an wò, kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Singer á ti mọ̀ pé Bàyárábè kan, ìyẹn ọmọ Yorùbá, ti ya wèrè.

Ẹ wá wo àwọn olóko Napa. Èèyàn wá rajà wọn, wọ́n kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mọ̀ bóyá ó máa rà á. Èmi kò bínú sí wọn, ìlara ló ń ṣe mí.

Àbúrò ìyàwó mi ní kí n má jowú, ká ṣe tiwa. "Ẹ̀gbọ́n, Sabon Gari la ó ti bẹ̀rẹ̀." Ogún kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ni ó ní kí n fi owó ọjà rà. Mo ní, ọtí wo lẹ fẹ́ máa tọ́ wò ní Kánò? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ yìí gbàgbé ibi tí a gbé wà. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé ní 1911 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ya ilẹ̀ Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwa àjèjì, bí àwọn Haúsá náà ṣe wá ní Sábó tiwọn ní Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí o fi ń rí Yorùbá Road àti Enugu Road ní àárín Kánò. Láti 2000 tí ìpínlẹ̀ yìí ti gba òfin Ṣàríà, ìhín ni ẹni tó bá fẹ́ ṣí ìgò ń wá, síbẹ̀ kì í ṣe pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Ní oṣù kọkànlá 2013, Hisbah, àwọn agbófinró Ṣàríà, fọ́ ìgò bíà 240,000 nígbà kan ṣoṣo. Wọn ò yí ife po, wọn ò fi imú gbọ́ ọ. Irú ìlú yìí ni kí n wá kó ogún èèyàn jáde, akoto lórí gbogbo wọn, afinimọ̀nà níwájú pẹ̀lú àsíá, kí a máa ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn lọ́sàn-án gangan?

Ó ní ẹmu ńkọ́. Ó ní wáìnì tiwa ni ẹmu. Bẹ́ẹ̀ ni, wáìnì tiwa ni, ṣùgbọ́n ẹmu kì í dúró de àlejò. Kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ ló ti ń hó nínú akèrègbè. Láàárín wákàtí díẹ̀ ó ti di ọtí gidi, bó bá fi di ọjọ́ kejì ó ti ń kan. Láti ibi tí ọ̀pẹ wà lápá Gúúsù títí dé ibí, ọkọ̀ á rìn tọ̀sán tòru, bí ó bá sì bàjẹ́ lọ́nà, ọtí kíkan la ó gbà sílẹ̀. Wáìnì àwọn ará Napa ń sùn nínú àgbá fún ọdún, owó rẹ̀ sì ń gòkè. Ọmọ yìí ní ká máa kọ ọdún sára ìgò ẹmu bíi tiwọn. Mo ní kó bá mi kọ wákàtí sí i.

Ti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Kánò kì í fi ẹsẹ̀ méjì ṣeré. Ní oṣù kìíní 2013, àwọn tó wá pa Ẹ́míà Ado Bayero yìnbọn sí ọkọ̀ rẹ̀ láàárín ìlú. Ẹ́míà yè é, àwọn mìíràn kò yè é, ìjọba sì fi òfin de ọ̀kadà akérò, èyí tí à ń pè ní àcàbà. Láti ìgbà náà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, A Daidaita Sahu, ni gbogbo wa ń wọ̀. Ní 2022, wọ́n tún ní kí òun náà má rìn láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ẹ wá sọ fún mi: kẹ̀kẹ́ tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ tó tún ní mọ́tò, ṣé kẹ̀kẹ́ ni àbí ọ̀kadà? Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ní bí agbára mọ́tò rẹ̀ kò bá ju wáàtì 250 lọ, tí mọ́tò náà sì ń jáwọ́ bí eré bá ti pọ̀, kẹ̀kẹ́ lásán ni. Ẹ fojú inú wò mí láàárín títì, pẹ̀lú irun funfun mi, tí mo ń fi Haúsá ṣàlàyé wáàtì fún òṣìṣẹ́ tó ti di kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

Ó ní kí n wo Kùtọnù àti Lomé, pé ọ̀kadà oníná ilé-iṣẹ́ Spiro ti kún ìgboro wọn, pé bí bátìrì bá tán, wọ́n á gbà á, wọ́n á fún ọ ní èyí tó kún, o ti lọ. Òótọ́ ni. Mo tilẹ̀ jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí oníṣòwò ni mí. Ọ̀pọ̀ bátìrì kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ nǹkan bí ìdajì yúnítì iná. Ní oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n gbé owó iná àwọn Band A, àwọn tí wọ́n ní iná wọn á máa pọ̀ jù, sí ₦225 fún yúnítì, nǹkan bí ₦113 ni ì bá ná èèyàn kó tó kún. Owó rẹ̀ ò tó owó ìgò omi. Ṣùgbọ́n kí iná kọ́kọ́ wà ná! Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, àwọn oníṣẹ́ ibi ba okùn iná ńlá Ṣíróró sí Kàdúná jẹ́, Àríwá sì wà nínú òkùnkùn ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kí àwọn tó ń wo ìran wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi fún ọ̀sẹ̀ kan? Ó ní ká tan jẹnẹrétọ̀. Ká ra epo sínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ fi iná sínú bátìrì, kí a lè gun kẹ̀kẹ́ tí kì í mu epo.

Ti oòrùn oṣù kẹrin Kánò, mi ò ní sọ ọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.

Mo rò pé mo ti borí ni. Àfi bí ìyàwó mi ṣe gba fóònù lọ́wọ́ mi, tí òun àti àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí tí ẹ̀wà fi jóná lórí iná. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán, ọtí ti kúrò nínú ọ̀rọ̀. Zóbò ni wọ́n fẹ́ máa tọ́ wò báyìí, àti *kunun aya* tí a fi òfìó ṣe, àti fùrá pẹ̀lú wàrà. Kẹ̀kẹ́ á gba ibi ihò aró Kofar Mata, tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498, á gba ọjà Kurmi tí Ọba Muhammadu Rumfa dá sílẹ̀ láyé àtijọ́, á dúró ní ìdí òkè Dala. Kí n má parọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀ mí létí díẹ̀. Ìṣápá tí àwọn ará Èkìtì ń sè lọ́bẹ̀, pupa rẹ̀ náà ni zóbò. Àríwá yìí ló ń gbìn ín, ó sì ń rin ìrìn àjò títí dé Mẹ́síkò. Ìyàwó mi ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí ife po. Ó ki imú bọ zóbò lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òun gbọ́ òórùn kànáfùrù. Òun ló kúkú fi kànáfùrù sí i lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà fi ìwé ètò ránṣẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó fi àwòrán kẹ̀kẹ́ sórí rẹ̀. Mo ka owó tí wọ́n á gbà lọ́wọ́ àlejò kọ̀ọ̀kan, mo gbóríyìn fún un. Mo ka ibùdó kìíní, Kofar Mata, zóbò. Mo ka ibùdó kejì, Kurmi, kunu. Mo dé ibùdó kẹta: "Singer, ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n. Ìtọ́wò bísíkíìtì, mílíìkì àti ṣokoléètì." Ogún èèyàn tí ebi kẹ̀kẹ́ ń pa, nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ó dára. Nínú owó ìtọ́wò tí ẹ fẹ́ gbà yìí, èló ló kàn mí?"

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara yín pé kò sẹ́ni tó ń sanwó ìtọ́wò ní Singer."