Bí A Ṣe Ń Dín Báàgì Kù Láìyọ Ọ̀kan Kúrò Nínú Wọn

Kọ́bọ́ọ̀dù ò ṣeé tì mọ́. Ẹ fi èjìká tì í, ó tún ṣí, báàgì aláwọ̀ wúrà kan sì já lu yín lẹ́sẹ̀. Ṣòkòtò bàbá wọn ti di ará ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, orí ìṣó ló ń gbé. Ẹ wá pinnu pé báàgì gbọ́dọ̀ dín kù. Ìpinnu tó dára gan-an ni, àmọ́ iṣẹ́ tó gba ìmọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti fi ìkánjú kó báàgì sínú àpò ìrẹsì, tí wọ́n pín in fún ará àdúgbò, tó wá di Sátidé tí wọ́n ń gbé báàgì dúdú tẹ̀lé léèsì aláwọ̀ ewé níwájú àna. Kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan ọjọ́

Kì í ṣe Sátidé, òde wà. Kì í ṣe Sọ́ńdè, ẹ ṣì ń sinmi òde Sátidé. Kì í ṣe ìparí oṣù, torí owó tó bá wà lọ́wọ́ máa ń gbé ẹsẹ̀ èèyàn lọ sọ́jà. Ẹ yan ọjọ́ tí iná wà. Lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, dúdú àti búlúù tó ki ò yàtọ̀ síra; bí ẹ ṣe ra dúdú kẹrin nìyẹn, tí ẹ pè é ní búlúù. Bí iná ò bá wá lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀. Báàgì ò ní sá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kó gbogbo wọn jáde

Gbogbo wọn ni mo wí. Ẹ wo orí kọ́bọ́ọ̀dù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, búùtù mọ́tò, dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì, àti yàrá tí ẹ ń sùn nígbà tí ẹ wà lọ́mọge nílé ìyá yín ní Ìjẹ̀bú. Ẹ pe àbúrò yín tó yá èyí aláwọ̀ fàdákà lọ síbi ìgbéyàwó, kẹ́ ẹ ní kó dá a padà kíá. Báàgì tí kò bá sí nílé, báwo lẹ ṣe fẹ́ dín in kù? Ẹ tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì ò ní gbà wọ́n, ẹ bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá wọn á máa sùn ní pálọ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ má dá ọjọ́ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kà wọ́n bó ṣe yẹ

Ibí ni àwọn tí ò mọ̀ ti máa ń ṣubú. Wọ́n á kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ wọn á ru. Àwọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kà á. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni àwọn baba ńlá wa fi pín ayé: dúdú, funfun, pupa. Ayé sì gún nígbà yẹn. Nítorí náà, dúdú, búlúù, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú: ẹ ka gbogbo wọn sí dúdú. Kírímù, fàdákà, àti èyí olókùúta wínníwínní tó ń dán: funfun. Wáìnì, kọfí, wúrà, pínkì, fúṣíà, àwọ̀ ọsàn: pupa. Ó di báàgì mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín pé mélòó lẹ ní, ẹ dá a lóhùn láìmikàn. Ẹ sì kíyè sí i pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, láìjẹ́ pé ẹ ti sọ ohunkóhun nù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tú inú wọn

Marie Kondo, obìnrin ará Japan tó fi títún ilé tò di gbajúgbajà, gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn máa kó ohun inú báàgì rẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Ó dájú pé wọn ò pè é sí òde ní Èkó rí. Nínú tiyín, ẹ máa bá píìnì gèlè, ẹnfílóòpù ọrẹ ìkórè tó yẹ kó ti dé iwájú pẹpẹ, obì ìdána tó ti gbẹ, ṣín-ṣín tí ẹ fi tíṣù wé, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ò mọ ilẹ̀kùn rẹ̀, àti àpò bébà kékeré tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ ẹ́. Sílíkà ni, ó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀.

Báàgì tí ẹ bá bá owó nínú rẹ̀, báàgì oríire ni, kò lè lọ. Èyí tí ẹ ò bá owó nínú rẹ̀, ẹ ò tíì wá a dáadáa ni. Ẹ gbé e pamọ́ títí ẹ óò fi ráyè tún un wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dán ayọ̀ wò

Kondo yìí náà, nínú ìwé tó gbé jáde ní 2011, ní ká fi ọwọ́ kan ohun ìní wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ká wò ó bóyá ó ń múnú wa dùn. Èyí tí kò bá múnú wa dùn, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká jẹ́ kó máa lọ. Ìlànà gidi ni, ó kàn kù díẹ̀ tí a máa tún ṣe. Ẹ gbé báàgì. Bó bá múnú yín dùn, ẹ gbé e sí ọ̀tún. Bí kò bá múnú yín dùn, ẹ rántí iye tí ẹ rà á. Inú yín bà jẹ́, àbí? A kì í fi ohun tó ná ni lówó tó báyẹn ta lọ́rẹ. Ọ̀tún.

Èyí tí ẹ gbà láwìn tí ẹ ò tíì san owó rẹ̀ tán ńkọ́? Ọ̀tún náà ni. Kò tíì di tiyín, ẹ ò sì lè fi ohun olóhun ṣàánú. Òṣómàáló ayé àtijọ́ á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí á fi gba owó aṣọ rẹ̀. Oníbáàgì òde òní ò ní yọ ara rẹ̀ lẹ́nu bẹ́ẹ̀, á kàn máa kí yín káàárọ̀ lórí WhatsApp láago mẹ́fà ìdájí. Ẹ kí i padà tọ̀yàyàtọ̀yàyà, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá èyí aláwọ̀ pínkì ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Àwọn tó ń bó

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà ní ọjà Balógun pé awọ ni kò bá ẹran pàdé rí. Aṣọ ni, tí wọ́n fi polyurethane bò lójú. Ooru àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń tú u ká díẹ̀díẹ̀, kódà bó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí kò jáde rí, pàápàá bí ẹ bá fi láílọ́ọ̀nù wé e pinpin l'Ékòó níbi tí ooru ò ti ń sùn. Á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, lẹ́yìn náà á máa bó wẹ́wẹ́ sórí aṣọ funfun ẹni tó jókòó tì yín. Awọ gidi, irú èyí tí àwọn oníṣẹ́ awọ ń fi ọwọ́ ṣe l'Ọ́yọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́, ó ń fẹ́ kí wọ́n máa gbé òun, kí wọ́n sì máa fi òróró pa á lára lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Aláìnírònú á wá ní kẹ́ ẹ máa gbé awọ gidi jáde, kẹ́ ẹ da èyí tó ń bó nù. Rárá o. Awọ gidi wọ́n, ẹ tì í mọ́lé. Èyí tó ń bó ni kẹ́ ẹ máa gbé. Ẹ yí ẹ̀gbẹ́ tó ti bó sí ìhà ara yín. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá bó, ẹ máa gbé e lọ síbi àìsùn òkú àti ìṣọ́ òru, níbi tí ojú ò ti ríran tó bẹ́ẹ̀. Bó bá bó tán pátápátá, aṣọ abẹ́ rẹ̀ á hàn, àwọ̀ rẹ̀ á sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ti ní báàgì tuntun láìná kọ́bọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣírò aṣọ ẹbí

Báàgì òde kì í dá rìn. Òun àti bàtà àti gèlè jọ ní májẹ̀mú. Èyí aláwọ̀ ọsàn tí ẹ tìtorí ìyàwó ọmọ alága rà, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ gbé e, kò tíì ṣe iṣẹ́ tó wá ṣe láyé tán. Ti fúṣíà ló gba ìṣirò jù. Ọmọ ọ̀rẹ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Á lo ọdún mẹ́fà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà ní girama, mẹ́rin ní yunifásítì, ẹ fi ọdún kan kún un fún ìyanṣẹ́lódì, ọdún kan fún agùnbánirọ̀, ẹ wá fi díẹ̀ sílẹ̀ kó fi rí ọkọ. Ogún ọdún ó lé, tó bá yára. Ìyá rẹ̀ sì fẹ́ràn fúṣíà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láago lónìí, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí àwọ̀ náà kó tó di pé àwọn ẹbí ọkọ dá sí i. Bàtà tó bá báàgì yìí lọ ti ń fún yín lẹ́sẹ̀, mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ bàtà nìyẹn, ó níbi tí a ó ti sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ pè é ní ìdókòwò

Bó bá di ọjọ́ kẹta tí bàbá wọn ti ń sùn lórí ṣía, á bèèrè ìbéèrè. Ẹ má bá a jà, ẹ̀rí ni kẹ́ ẹ gbé síwájú rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé ilé iṣẹ́ Hermès ti ilẹ̀ Faransé ṣe báàgì kan fún Jane Birkin, òṣèré àti olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí òun àti Jean-Louis Dumas, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà nígbà yẹn, jọ jókòó nínú bàálù láti Paris sí London, tí obìnrin náà sì ráhùn pé òun ò rí báàgì tó lè gba ẹrù abiyamọ. Láàárín àwọn ọdún 1980, báàgì yẹn jáde. Ní oṣù Keje 2025, wọ́n lu àkọ́kọ́ gan-an ní gbàǹjo Sotheby's ní Paris, ó mú mílíọ̀nù 8.6 yúrò wọlé. Ẹ dákẹ́ níbẹ̀ yẹn, kí iye náà wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ má sọ ìyókù. Ẹ má sọ pé Birkin gbé báàgì náà títí tó fi gbó, tó lẹ sítíkà mọ́ ọn, tó so ìgékànná kọ́ inú rẹ̀, tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ ní 1994 kí wọ́n tà á láti fi gbógun ti àrùn éèdì. Ẹ má sì jẹ́ kó mọ̀ pé H-E-R-M-A-S ni wọ́n kọ sára tiyín. Ẹ fi àtàǹpàkò bo lẹ́tà karùn-ún bí ẹ bá ń fi hàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ gbìyànjú láti tà, ẹ gbìyànjú láti fi tọrẹ

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ ò gbìyànjú, ẹ gbé àwòrán ọ̀kan sórí status. Ẹ dá owó lé e: iye tí ẹ rà á, ẹ fi bí dọ́là ṣe gbéra kún un, ẹ fi owó mọ́tò tí ẹ wọ̀ dé Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ yẹn kún un. Bí ẹnì kan bá ná an ní ìdajì, ẹ bínú gidi. Ẹ júwe ibi tí wọ́n ti ń ta òkìríkà ní Kàtáńgówà fún un. Inú ìbínú yẹn lẹ ti máa rí i bí ẹ ṣe fẹ́ràn báàgì náà tó. Ẹ yọ àwòrán.

Ó wá ku ìtọrẹ. Àbúrò ọkọ yín? Á gbé e wá síbi ọjọ́ ìbí yín, á sì yẹ ẹ́ jù yín lọ. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ọwọ́ rẹ̀ ni ojú yín á máa wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìwàásù ò ní wọlé. Ẹni tó bójú mu ni ẹni tó jìnnà réré, tí ẹ ò ní máa rí lójoojúmọ́, bí ẹ̀gbọ́n yín tó ń gbé ní Peckham. Òun ló fi í ránṣẹ́ sí yín. Ó tán.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ọ̀kan gbọ́dọ̀ lọ

A ò ní purọ́ fún ara wa, ẹ ṣèlérí pé báàgì á dín kù. Ẹ wá èyí tó ti gbó jù, tí kò bá aṣọ kankan mu, tí ẹ ò gbé lọ sóde rí. Ẹ máa bá a lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n: báàgì dúdú tí bàbá wọn ń kó fáìlì àti lapútọ́ọ̀pù sí lọ síbi iṣẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí Kondo ṣe wí, kẹ́ ẹ sì gbé e fún gáàdì. Ẹ tún fáìlì náà dì sínú báàgì tí wọ́n pín níbi òkú ìyá ìyàwó káńsẹ́lọ̀, èyí tí àwòrán màmá náà wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Ó lágbára, ó sì ní síìpù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: nínú àyè tí báàgì fáìlì fi sílẹ̀, ẹ ra méjì.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: Ẹ kó wọn pamọ́

Ẹ ra Ghana-must-go mẹ́rin. Orúkọ yẹn dé ní 1983, nígbà tí ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ fi Nàìjíríà sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ará Ghana sì kó ẹrù wọn sínú irú àpò bẹ́ẹ̀ lọ sílé. Ẹ má ka Ghana-must-go mọ́ báàgì. Báàgì ló ń gbé. Ẹ ju káńfọ̀ sí i, ẹ má kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, torí àwọn alájọgbé yín mọ̀wé kà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá èyí aláwọ̀ fàdákà tì, ẹ ra òmíràn. Funfun náà ni, mẹ́ta yín ò yẹ̀.

Ó ku kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti hàn gbangba pé èyí tí ẹ ní kò gba báàgì mẹ́ta. Ẹ pe káfíńtà kí owó pákó tó tún gbéra, torí wọ́n sábà máa ń gba owó sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá dé tó sì fa téèpù rẹ̀ yọ, ẹ ní kó wọn yàrá àwọn ọmọ náà.