Ẹsẹ̀ Iwájú Dáńfó

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin ọdún 1972, ni gbogbo ọkọ̀ ní Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá wọn bọ́ síbẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ akẹ́rù tókùnbọ̀ tí ó bá ti ọ̀hún wá gbọ́dọ̀ gbé sítíárìn rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, kí wẹ́dà sì gé fèrèsé sí i lára, kí ó tó lè di dáńfó ọ̀nà Kétu sí Máìlì 12.

Ẹsẹ̀ iwájú gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì, ìyẹn oríkèé onírin rógódó tí táyà fi ń yí tí ó sì fi ń fò, ni mẹkáníìkì ń yẹ̀ wò nípa fífi jáàkì gbé ọkọ̀, tí yóò di òkè àti ìsàlẹ̀ táyà mú, tí yóò sì máa mì ín. Bí ó bá ti dún kò-kò-kò, ó ti jẹ nìyẹn, bí awakọ̀ tilẹ̀ ń búra pé rédíò ni. Ní ti táírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí ń jíṣẹ́ sítíárìn fún táyà, ọlọ́gbọ́n a máa ka iye ìgbà tí ó yí orí ti àtijọ́ kí ó tó bọ́, kí ó lè yí tuntun (tókùnbọ̀ ni òun náà) ní iye kan náà. Ẹni tí ó ṣi òǹkà kà nítorí pé oníbọ̀lì ń kọjá yóò na òwú mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà, yóò di ojú kan, yóò sì kéde pé ó ti gún. Dáńfó yóò wá máa lọ tààrà ní ọ̀nà Ìkòròdú, pẹ̀lú sítíárìn tí ó kọjú sí Ìkòsí.